Pẹ́pẹ́yẹ Àti Òrùlé Ẹtù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ kan wà ní ilé wa ní Ṣàngó, ní Ìlọrin níbí, tí gbogbo wa mọ inú rẹ̀ ju bí a ṣe mọ inú ìwé wa lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ bí ẹni ń wọ bàtà, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ, nígbà tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí tí àwọn àgbà sì ń kùn káàkiri. Ẹ má rò pé olówó ni wá o. Tíṣà ni bàbá mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì, ìyá mi sì ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà níwájú ilé. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ tí àwa ní, àwọn olówó ìlú gan-an kò ní in.

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn òyìnbó ṣe fún eré sísá ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, ìjókòó méjì ló wà níwájú, àyè tóóró kan sì wà lẹ́yìn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè ní ìjókòó, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sí. Orí rẹ̀ kì í ṣe irin. Aṣọ tó nípọn ni, èèyàn lè ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fi gbọ́njú mọ̀ ọ́n, oòrùn ti sọ ọ́ di àwọ̀ ata gbígbẹ. Nítorí pé ó lọ sílẹ̀ púpọ̀, tó sì máa ń mì sọ́tùn-ún mì sósì bó bá bọ́ sínú kòtò, àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá mi bínú sí orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó kan tó wá ṣe afárá, tó wá ń padà sí ìlú rẹ̀, ló gbé e sílẹ̀ fún bàbá mi kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Ọkọ̀ náà ti gbó kó tó dé ọwọ́ wa. Òyìnbó yẹn fi ìwé kan sínú rẹ̀, ìwé ńlá tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tú u àti bí a ṣe ń tò ó padà. Ó dùn mí láti sọ pé eku ti jẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ bírékì. Ti ẹ́ńjìnì, ìwé ló kọ́ wa. Ti bírékì, Ọlọ́run ni.

Kì í ṣe pé a kò gbé e lọ bá mọkáníìkì. Ọ̀gá mọkáníìkì kan ní Ṣàngó ṣí iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó tún rọra pa á dé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yín yìí kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò ní gbogbo Ìlọrin. Tí nǹkan rẹ̀ bá bàjẹ́, ibo la ti fẹ́ rí òmíràn?" Bàbá mi ní kò burú, òun á máa tún un ṣe fúnra òun. Bí a ṣe di mọkáníìkì nínú ilé wa nìyẹn.

Sátidé ni ọjọ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, bàbá mi á wọ ṣòkòtò kan tí gíríìsì ti mú kó le bíi pákó, á tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, gbogbo wa á sì yí ọkọ̀ ká. Àbúrò mi ló ń tẹ bírékì nígbà tí bàbá mi bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì nìkan là ń rí, ohùn rẹ̀ á máa ti abẹ́ jáde: "Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Tú u sílẹ̀." Èmi ni mo ń fi sándipépà nu ojú púlọ́ọ̀gì, èmi náà ni mo sì ní oyè tó ga jù, nítorí ọwọ́ mi tín-ín-rín. Bí nọ́ọ̀tì bá já bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan tí ọwọ́ bàbá mi kò lè dé, èmi ni wọ́n ń ké sí, màá sì fà á díẹ̀ kí n tó dá wọn lóhùn kí wọ́n lè mọ iyì mi.

Ohun tí wọn kò bá tà ní Ìlọrin, à ń ṣe é ni. Bí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín irin méjì bá jó, bàbá mi á gbé páálí ṣúgà lé ojú irin tó fẹ́ kó bá mu, á máa fi òòlù kékeré gbá etí irin náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí páálí á fi gé bó ṣe yẹ kó gé, á wá fi gíríìsì kùn ún. Bí tánkì epo bá ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ la fi ń dí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bi àwọn awakọ̀ àtijọ́ léèrè.

Ọ̀rọ̀ ata ni mo ń rántí jù. Rédíétọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ń jò lọ́jọ́ kan, bàbá mi sì ti gbọ́ níbì kan pé bí a bá da ata gígún sínú rẹ̀, ata náà á wá ihò yẹn lọ, á sì dí i. Ó wọ ilé ìdáná, ó kó gbogbo ata gígún ìyá mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ihò náà dí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, tí bàbá mi wá ṣí ìdérí rédíétọ̀ láti wò ó, ooru ata tó jáde níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sín in. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá lórí jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń sín. Bàbá àgbà tó ń hunṣọ ní ilé kejì sí tiwa fi òfì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde pẹ̀lú omijé lójú, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń se ọbẹ̀ ni àbí ẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe?"

Ìyá mi nìkan ni kò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó múra dáadáa, ó wé gèlè tó ga, a sì gbéra. Nígbà tí a dé Post Office, ní oríta gan-an, níwájú àwọn báńkì, Pẹ́pẹ́yẹ kú. Bàbá mi di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ti lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tì í. Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ fún ń jáde ní báńkì. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn sì kúnlẹ̀ kí i pé, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Kíkí yẹn ló dùn ún jù. Ó ní ká ní obìnrin yẹn fi òun rẹ́rìn-ín ni, òun ì bá gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni orin rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo: "Dádì, ẹ ta ọkọ̀ yìí." Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti ń wá sílé wa, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà Pẹ́pẹ́yẹ bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Bó bá ti lọ tán, bàbá mi kì í lè jẹun dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa bàbá mi. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ń wo ojú rẹ̀, àwa náà ń wo ojú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣe láyé ni ẹnìkan ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń ṣe nítorí pé ó wù ú. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn lọ, nǹkan kan máa kúrò lára bàbá mi tí kò ní padà.

Nígbà náà ni ìyá ìyá mi, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣàìsàn. Àìsàn náà pọ̀, a rò pé ìyá àgbà máa kú. Ọlọ́run yọ ọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ Ìsinmi kan tí yóò lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyá mi ní ọkọ̀ èrò lòun fẹ́ wọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá mi kọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ròkè débi pé bàbá ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, ó wá bá wọn dá sí i, níwájú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Bàbá mi ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá ti ọkọ̀ yìí bó ti wù kó kéré mọ, mo máa tà á."

Ìyá mi ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

"Mo gbọ́," ni bàbá ahunṣọ wí. "Tó ò bá wá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá mi ní, "Tí n kò bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́."

"Ó parí. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ẹ lọ máa ṣe àdúrà."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. A pààrọ̀ omi bírékì. Ó tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnì bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan, Ọlọ́run ló mọ ohun tó wá, fò láti orí ògiri bọ́ sí orí Pẹ́pẹ́yẹ. Aṣọ òrùlé rẹ̀ tó ti gbó ya láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ náà wà ní ìjókòó awakọ̀ nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ń jẹ ìwé òyìnbó.

Bàbá mi jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì rẹ̀. Bàbá ahunṣọ ló wá wò ó, tó fi ọwọ́ wọn ibi tó ya. Bàbá mi ti kọ́ ọmọkùnrin bàbá ahunṣọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ títí ọmọ náà fi yege, láìgba nǹkan kan, bàbá àgbà náà sì ti ń wá ọ̀nà tó máa fi dúpẹ́. Ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́láhì, mo máa hun ẹtù fún un. Ẹtù gidi, aró ẹlú gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi oògùn òyìnbó rẹ. Kò ní sí ọkọ̀ gómìnà tó máa ní irú rẹ̀."

Ó hun ún lóòótọ́. Aṣọ náà dúdú bí ojú ọ̀run lálẹ́, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ojú sánmà. Ìyá mi ni yóò rán àwọn ọ̀já rẹ̀ pọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò, ó ní, "Nítorí Bàbá ni mo ṣe ń rán an. N kò rán an nítorí Pẹ́pẹ́yẹ." Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdajì. Ó rán an tán, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u. Ó rán ojú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀, ó sì gé igun rẹ̀ bí ẹni gé ọrùn bùbá. Nígbà tí a nà án sórí ọkọ̀, àwọn èèyàn Ṣàngó ń wá wò ó. Bàbá mi ní kí omi má baà wọlé, ó fi àbẹ́là ra gbogbo ara rẹ̀, ó wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú rọra tẹ̀ ẹ́ kí àbẹ́là náà lè wọ inú òwú. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo àwọn èèyàn tó ń yìn ín. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, funfun ni gbogbo wa wọ̀. Ìyá mi wọ léèsì funfun, ó wé gèlè funfun. Bàbá mi wọ dàńṣíkí àti ṣòkòtò funfun. Bàbá ahunṣọ jáde wá, ó gbé ọwọ́ lé òrùlé náà, ó ní àlùbáríkà á wà níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a dé Post Office, bàbá mi kò mí. Mo ń wo ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn. A kọjá oríta náà geere, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá mi, ìyá mi sì ń wo báńkì.

A kọjá Ẹyẹnkọrin. Ẹ́ńjìnì ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Àwọn ọmọ ẹ̀bá ọ̀nà ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń nawọ́ sí òrùlé. A kọjá Òtè, inú bàbá mi ti ń dùn débi pé ó ń súfèé, ni ojú ọ̀run bá ṣú. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé wọ́n ń fi garawa dà á ni. Bàbá mi tẹ wáípà. Wáípà gbá lẹ́ẹ̀kan, ó dé àárín gíláàsì, ó dúró síbẹ̀.

A kò rí ọ̀nà mọ́. Bàbá mi rọra ya sẹ́bàá títì, kò pa ẹ́ńjìnì, nítorí ó mọ̀ pé bí ó bá kú nínú òjò yẹn, kò ní jí. Ó ní kí a dúró kí òjò dá. Ìyá mi wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí òjò yẹn bá fi wákàtí kan rọ̀, ìdúpẹ́ á ti parí, ìyá rẹ̀ á ti jó lọ síwájú pẹpẹ láìsí ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi. Bí ìyá mi bá fẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ yẹn, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ká ní ó ṣí ilẹ̀kùn, kó gbé ẹsẹ̀ kan sí ilẹ̀, kó dá ọkọ̀ èrò tó ń kọjá dúró, ó parí. Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò tíì rí bàbá mi kó bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ téèpù tó fi ń wọn aṣọ jáde. Ó ní, "Dádì, ẹ so èyí mọ́ wáípà yẹn. Kí ẹ mú ẹnu rẹ̀ kan wá fún mi láti ojú fèrèsé tèmi. Apá kejì wáípà ńkọ́? Okùn dà?"

Okùn tí a fi ń fa ọkọ̀ ló wà ní búùtù, ó sì nípọn bí apá mi. Bàbá mi ronú díẹ̀. Ó fa okùn ṣòkòtò rẹ̀ yọ. Ó bọ́ sílẹ̀ sínú òjò, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fi ọwọ́ kejì àti eyín so téèpù sí apá kan wáípà àti okùn ṣòkòtò sí apá kejì. Ó na téèpù sí ìyá mi, ó na okùn sí èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀, gba ojú fèrèsé tirẹ̀. Ìyá mi á fà, wáípà á lọ sọ́tùn-ún. Èmi á fà, á padà sósì. Ní àkọ́kọ́ à ń fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi sì bú mi. Ló bá dá orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí a lè máa tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ń gbe orin, bàbá mi ń wakọ̀, okùn ń gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, àwa méjì sì ń fà. Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a sì fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Nǹkan dúdú kan kán sí iwájú orí àbúrò mi, ó ṣàn wá sí imú rẹ̀. Mo rò pé gíríìsì ni. Òmíràn kán sí ọwọ́ mi, mo wò ó, aró ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹtù, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A kì í wọ ẹtù tuntun láìfi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ọmọdé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tó ti ń ránṣọ láti ìgbà ọmọge mọ̀ ọ́n. Bàbá tó hun ún, tó fi aṣọ híhun darúgbó, mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti sọ pé òrùlé ọkọ̀ ni, gbogbo wa gbàgbé pé aṣọ ni. A fi àbẹ́là kùn ún, a fi irin tẹ̀ ẹ́, a tọ́jú rẹ̀ bí ohun èlò ọkọ̀, kò sí ẹnì kan tó rántí pé ó yẹ kí a rẹ ẹ́ sínú omi kí a fọ̀ ọ́.

Aró náà ń kán sórí gèlè ìyá mi, ó ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń bọ́ sórí léèsì. Ó mọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí kékeré tó wà lókè. Kò lè fi ọwọ́ nù ún, nítorí bó bá jọ̀wọ́ téèpù, gíláàsì á ṣú. Bàbá mi fi ohùn kékeré bi í pé, "Ṣé kí n dúró?" Ìyá mi ní, "Ẹ máa wakọ̀." Ó sì tún orin gbé.

Bí a ṣe wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Òjò ti dá. Àwọn ìjọ ti ń tò síta láti jó wọlé pẹ̀lú ìyá àgbà. Gbogbo wọn yíjú sí wa. Bàbá mi pa ẹ́ńjìnì. Ìyá mi kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ láti Ìlọrin, bàbá mi ló borí, ẹlẹ́rìí wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìyàwó rẹ̀, tó rí léèsì tó ti di adíkálà, tó rí ìlà aró lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kọlà fún, ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀. Ó ní, "Ó tó. Má bínú. Mo máa tà á. Kí ọkùnrin yẹn wá gbé e lọ́la."

Kí ìyá mi tó dá a lóhùn, ìyá àgbà ti dé ẹnu fèrèsé. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó ti rù, àìsàn ti mú ẹran ara rẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àna rẹ̀ tó di ṣòkòtò mú, ó wo àwa méjèèjì lẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé ilé aláró lẹ ti yà ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ dì í mú kó má ṣubú. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ àìsàn, wọn kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá mi wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀ ó sì ń gbé aró lọ, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn. Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó yí sí bàbá mi. Ó ní, "Kí lẹ ní ẹ fẹ́ tà? Òrùlé yẹn, ta ló rán an? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lọ ta ẹ́ńjìnì yín, kẹ́ ẹ fi òrùlé mi sílẹ̀ fún mi." Ó gbé ẹsẹ̀ sí ilẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, a sì jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aró lára. Bàbá mi fi ọwọ́ kan jó.

Nígbà tí a padà dé Ṣàngó, bàbá ahunṣọ rí wa, ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò fọ̀ ọ́ ni?" Ìyá mi ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún wa." Ó ní, "Ṣé mo ti hunṣọ fún ọkọ̀ rí ni?" Lọ́jọ́ kejì a tú òrùlé náà, a fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a sá a sórí okùn láàárín pátá àti bùbá gbogbo ilé. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ wa. Òun ló rán ìjókòó, òun ló ń pàṣẹ fún bàbá mi nígbà tó yá, bàbá mi sì ń ṣe bíi pé kò dùn mọ́ ọn. Pẹ́pẹ́yẹ bá wa lò títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó kú lọ́wọ́ wa bí àgbàlagbà ṣe ń kú, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Ayé ti yí padà, n kò sì ní sọ fún yín pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ọkọ̀ mi ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná kékeré kan bá tàn níwájú rẹ̀, màá gbé e lọ fún àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n á yọ nǹkan kan, wọ́n á fi òmíràn sí i, wọ́n á ní ó ti tán. N kò mọ ohun tí wọ́n yọ. N kò mọ ohun tí wọ́n fi sí i. Ọkọ̀ náà kò da mí dúró lójú ọ̀nà rí.

Bàbá mi ti lọ. Ìyá mi wà, ó ti darúgbó, èmi ni mo sì máa ń gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bó bá fẹ́ rí àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo títì. Àwa méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a dé, mo bi í pé, "Màmá, ṣé ọkọ̀ yìí tẹ́ yín lọ́rùn?" Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ó dára púpọ̀. A jókòó, a sì dé." Ó nawọ́ sí wáípà tó wà níwájú wa. "Ṣùgbọ́n kí la ṣe nínú rẹ̀?"